Bí Ọwọ́ Kò Bá Bá Géèmù Mu, Ẹ Jẹ́ Kí Géèmù Bá Ọwọ́ Mu

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ eré ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí pé ọ̀rọ̀ eré ni kí ó dìde lọ, nítorí eré ọmọdé kì í ṣe ohun kékeré. Inú eré ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti í dúró de ẹlòmíràn, bí a ti í borí láìfọ́nnu, àti bí a ti í pàdánù láìbínú. Inú eré ni ó sì ti ń ní ọ̀rẹ́. Ọmọ tí kò rí ẹni bá ṣeré ti pàdánù eré, ó sì ti pàdánù ẹgbẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ wo ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ le gbagidi tí kò ṣe é nà. Nígbà tí àwọn ojúgbà rẹ̀ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, níbo ni ó máa ń wà? Ẹ̀gbẹ́ pápá ni. Òun ni wọ́n ń kó bàtà àti aṣọ tì lọ́dọ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe bojúbojú, òun ni kì í lè sá pamọ́. Bí wọ́n bá ń ta òkòtó, ìka rẹ̀ kò lè yí i. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò kórìíra rẹ̀ o. Wọ́n kàn ti sọ ọ́ di òǹwòran ni. Bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún, òun fúnra rẹ̀ yóò gbà pé òǹwòran ni Ọlọ́run dá òun. Ewu ńlá nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí á fi ayò ọlọ́pọ́n ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni gbogbo wa mọ̀. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n. Ọmọ ayò 4 ni a ń kó sí inú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹni tí ó kàn láti ta á yóò kó ọmọ ayò inú ihò kan, yóò sì máa pín wọn káàkiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ǹjẹ́ kí ni ayò gan-an? Ṣé kíkó ọmọ ayò ni, tàbí ìṣirò tí ó wà nínú orí? Bí ọ̀ta kan bá wà tí ìka rẹ̀ kò ṣe é kó nǹkan, tí ó sì wí fún ọmọ tí ó jókòó tì í pé, "Bá mi kó ihò kẹta," tí ó sì fi ìyẹn jẹ ẹnìkejì rẹ̀, ta ni ó ta ayò náà? Kò sí àgbà tí yóò wí pé ọmọ tí ó bá a kó o ni. Orí ni ó ta ayò. Ìránṣẹ́ lásán ni ọwọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró.

Eré tí ó gba ọkàn àwọn ọmọ ìwòyí jù ni géèmù, ìyẹn eré tí a ń ṣe lójú tẹlifíṣọ̀n, lójú kọ̀ǹpútà, tàbí lójú fóònù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ó ń gba ìwé mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Èmi náà kò wí pé kí ọmọ máa sùn sídìí géèmù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: nínú géèmù, ẹni tí kò lè rìn lè sáré. Ọmọ tí ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ lè gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ó lè wa ọkọ̀ eré ìje, ó lè kọ́ ilé alájà mẹ́wàá, òun àti àwọn ojúgbà rẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn dá ṣáṣá yóò sì jọ wà lórí pápá kan náà. Nínú gbogbo eré ayé, èyí ni ó yẹ kí ó rọrùn fún un jù láti bá ẹgbẹ́ ṣe. Kí wá ni ó dínà mọ́ ọn? Pádì ni.

Pádì ni ohun tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú láti darí géèmù. Ní ọdún 1977, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ tí ó lókìkí jáde, ọ̀pá kékeré kan àti bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ó wà lára ohun ìdarí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni bọ́tìnnì ti ń pọ̀ sí i. Pádì òde òní ní ọ̀pá kékeré méjì tí àtàǹpàkò méjèèjì ń yí, ó ní bọ́tìnnì 4 ní apá ọ̀tún, ó ní bọ́tìnnì ìtọ́sọ́nà tí ó dà bí àgbélébùú ní apá òsì, ó sì tún ní bọ́tìnnì 4 mìíràn lókè, níbi tí ìka yòókù ń gbé. Ẹni tí ń fi í gbá bọ́ọ̀lù yóò máa fi àtàǹpàkò òsì sáré, yóò máa fi ti ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù, yóò sì máa fi ìka mìíràn tẹ bọ́tìnnì òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó ṣe pádì yìí ti rò lọ́kàn rẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ọwọ́ méjì, ìka mẹ́wàá, àti agbára láti gbé e dúró fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí fún wa tipẹ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọwọ́ ènìyàn kò rí bákan náà rí.

Ta wá ni àwọn ọmọ tí pádì yìí ń tì síta? Àwọn kan ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní cerebral palsy bá jà. Ìpalára tí ó bá ọpọlọ ọmọ kí a tó bí i, tàbí nígbà ìbí, tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀, ni ó ń fà á. Bí ọmọ kò bá tètè mí nígbà tí a bí i, tàbí bí ibà pọ́njú tí ó le bá kọlù ú ní ọjọ́ díẹ̀ tí ó dé ayé tí a kò sì tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè yọrí sí i. Iṣan irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè le koránkorán, tàbí kí apá rẹ̀ máa jù láìjẹ́ pé òun ni ó rán an. Ẹ má ṣe rò pé orí rẹ̀ kò pé o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òye wọn pé pérépéré. Ẹnu àti ọwọ́ tí wọn yóò fi fi òye náà hàn ni kò yọ̀ǹda. Àwọn mìíràn ní àrùn tí ń jẹ iṣan run díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ń rìn nígbà tí ó wọ ilé-ìwé lè ti wà lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí ó bá di bí ọmọ ọdún 12, títí tí yóò fi kù ìka kan tàbí méjì tí ó lè mì. Àwọn kan wà tí a bí láìní ìka, àwọn kan sì wà tí jàǹbá ọkọ̀ mú apá wọn lọ.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà wo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí. A lè wí pé ọwọ́ wọn ni kò dára, nítorí náà kí wọ́n máa wòran. A sì lè wí pé pádì ni kò bá ọwọ́ wọn mu, nítorí náà kí á ṣe òmíràn. Nígbà tí bàtà bá fún ènìyàn lẹ́sẹ̀, kò sí ẹni tí í gé ẹsẹ̀.

Ọ̀nà kejì yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1989, ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan ta ohun ìdarí kan ní Amẹ́ríkà tí a kì í fi ọwọ́ kàn rárá. Àyà ni a ń gbé e kọ́. Ẹni tí ń lò ó yóò máa fi àgbọ̀n sún ọ̀pá kan sọ́tùn-ún àti sósì, sókè àti sísàlẹ̀, yóò sì fi ètè sí ẹnu ọ̀pá oníhò kan. Bí ó bá fa afẹ́fẹ́, bọ́tìnnì kan yóò ṣiṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, èkejì yóò ṣiṣẹ́. Ohun àrà ni lójú ayé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnnì géèmù ti ń pọ̀ sí i, fífà àti fífẹ́ nìkan kò lè ká gbogbo rẹ̀ mọ́.

Àwọn tí ó wá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ AbleGamers bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà Mick Donegan dá ẹgbẹ́ SpecialEffect sílẹ̀ ní ọdún 2007, ibùjókòó wọn sì wà ní agbègbè Oxfordshire. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọn kì í kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ jáde. Ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè: kí ni ọmọ yìí lè ṣe? Bí ó bá jẹ́ àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni ó lè mì, ibẹ̀ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbọ̀n ni, wọn yóò gbé ọ̀pá ìdarí sí abẹ́ àgbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ orí ni, wọn yóò fi bọ́tìnnì sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ń gbé orí lé. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni, wọn yóò gbé e sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò bèèrè ohun tí ọmọ kò lè ṣe. Ìyẹn ni gbogbo ayé ti ń sọ fún un láti ọjọ́ tí a ti bí i.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ojú nìkan ni ó lè yí ńkọ́? Ojú náà tó. Ní ọdún 2017, SpecialEffect gbé ètò kan jáde tí a ń pè ní EyeMine, èyí tí ènìyàn lè fi ojú rẹ̀ nìkan ṣe Minecraft, géèmù tí àwọn ọmọ fi ń walẹ̀ tí wọ́n sì fi ń to búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n ń gbé sí abẹ́ ojú kọ̀ǹpútà. Yóò tan ìmọ́lẹ̀ kan tí a kò lè rí sí ẹyinjú. Kámẹ́rà inú rẹ̀ yóò wo bí ìmọ́lẹ̀ náà ti ta padà, yóò sì ṣírò ibi tí ènìyàn ń wò. Ibi tí ọmọ bá tẹjú mọ́, ibẹ̀ ni géèmù yóò gbà pé ó tẹ̀. Ọmọ tí kò lè gbé ṣíbí sẹ́nu yóò sì kọ́ ààfin tí àwọn ojúgbà rẹ̀ yóò wá wò.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft, tí ó ni ẹ̀rọ géèmù Xbox, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìdarí kan tí a ń pè ní Xbox Adaptive Controller. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì tí mo dárúkọ wọ̀nyẹn wà lára àwọn tí wọ́n fi ìmọ̀ràn ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun pẹlẹbẹ funfun kan ni, a lè gbé e lé orí tábìlì, orí itan, tàbí ilẹ̀. Bọ́tìnnì ńlá méjì wà lójú rẹ̀, tí ó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, tí ènìyàn lè fi ìkúùkù, ìgbọ̀nwọ́ tàbí gìgísẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ihò 19 ni ó wà níbẹ̀, irú ihò kan náà tí a ń ki ẹnu wáyà iápíìsì bọ̀ lára rédíò kékeré. Ihò kọ̀ọ̀kan ń ṣojú fún bọ́tìnnì kan lára pádì. Bí ẹ bá ki wáyà súìsì kan bọ inú ihò kan, súìsì náà ti di bọ́tìnnì yẹn, ẹ sì lè gbé e sí ibi tí ó bá wù yín: èyí lẹ́bàá orúnkún, èyí lẹ́bàá ìgbọ̀nwọ́, èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ó dà bí ẹni pé a tú pádì palẹ̀ tí a wá pín in yí ara ọmọ ká. Wọ́n tilẹ̀ ro ti páálí tí wọ́n kó o sí: ìfà róbótó ni wọ́n fi sí i lára, kí ẹni tí kò ní ìka lè fi apá fà á ṣí láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2019, Logitech kó oríṣiríṣi bọ́tìnnì 12 jọ sínú páálí kan, ńlá àti kékeré, títí kan èyí tí kò gbà ju kí ọwọ́ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Sony, tí ó ni PlayStation, gbé tirẹ̀ jáde, ó pè é ní Access. Róbótó ni, ó dà bí àwo. Bọ́tìnnì yí i ká, a sì lè yọ ìdérí wọn kí á fi èyí tí ó bá ọwọ́ mu rọ́pò.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ iye owó pamọ́ fún yín. Owó tí Microsoft ń ta tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tí ó jáde sún mọ́ dọ́là 100, páálí bọ́tìnnì Logitech náà sì sún mọ́ dọ́là 100. Owó yìí pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí a tó ká ọwọ́ lérí, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí kò gba owó.

Èkíní ni èyí tí ó wà nínú géèmù fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù òde òní, ibi kan wà tí a ti ń tún ètò rẹ̀ ṣe. Níbẹ̀ ni a ti lè pàrọ̀ iṣẹ́ bọ́tìnnì, kí èyí tí ó jìnnà sí ìka ọmọ má baà jẹ́ èyí tí yóò máa lò jù. Níbẹ̀ ni a ti lè sọ pé kí títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rọ́pò dídì mú, kí ó má baà rẹ ọmọ. Nínú àwọn géèmù kan, a lè dẹ eré rẹ̀ sílẹ̀. Géèmù kan tí ń jẹ́ Celeste, tí ó jáde ní ọdún 2018, gbà kí ẹni tí ń ṣe é dín eré rẹ̀ kù títí dé ìdajì. Láti ọdún 2017 ni Xbox sì ti ní ètò kan tí ń so pádì méjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni. Ọmọ lè máa fi ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa fi èkejì sáré. Ẹni méjì, àgbábọ́ọ̀lù kan. Ṣé ẹ rántí ọ̀ta tí ó ní kí wọ́n bá òun kó ihò kẹta?

Mo ti ń gbọ́ ohùn ọmọ kan tí ń wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe èrú nìyẹn, bí a bá dẹ eré géèmù sílẹ̀ fún ẹnì kan?" Ìbéèrè rere ni. Ẹ jẹ́ kí n bi ọ́ ní tèmi. Bí bàbá àgbà bá fi awò sójú kí ó tó ka ìwé ìròyìn, ṣé ó ṣe èrú nínú ìwé kíkà? Ohun tí awò ṣe ni kí ìwé lè dé ojú bàbá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ka á. Èrú ni kí ènìyàn gba ohun tí kò tọ́ sí i. Kí ènìyàn lè dé ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀tọ́ ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ bára yín díje gidi, ẹ jọ fi ẹnu kò sí òfin kan ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti máa ń ṣe nígbà tí àgbà bá ń bá ọmọdé ta ayò.

Èkejì ni fóònù, nítorí lójú fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣe géèmù. Láti ọdún 2013 ni iPhone ti ní ètò tí a fi ń lo súìsì darí rẹ̀. Fóònù Android náà ní tirẹ̀, láti ọdún 2021 sì ni Google ti fi kún un pé kí kámẹ́rà iwájú fóònù lè wo ojú ẹni tí ń lò ó. Bí ó bá rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ó bá la ẹnu, bí ó bá gbé ìpéǹpéjú sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dúró fún títẹ bọ́tìnnì. Ó lè má yá tó fún géèmù tí ń sáré. Ṣùgbọ́n fún géèmù ìrònú bíi dírááfù, ó tó lò.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ àdúgbò wa ká. Kí ni súìsì? Kò ju wáyà méjì tí a yà kúrò lára ara wọn lọ. Nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n fara kanra, ẹ̀rọ a sì mọ̀ pé a ti tẹ nǹkan. Ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò yín mọ̀ ọ́n ṣe. Ó lè tú máòsì kọ̀ǹpútà àlòkù kan, kí ó fi òjé jó wáyà méjì mọ́ ibi tí bọ́tìnnì òsì rẹ̀ wà, kí ó fa wáyà náà jáde, kí ó sì so ó mọ́ súìsì ńlá kan. Káfíńtà yóò fi pákó pẹlẹbẹ àti fóòmù ṣe ojú súìsì náà kí ó má baà dun ọmọ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, ọmọ tí ìka rẹ̀ kò lè di máòsì mú yóò lè fi ìkúùkù ṣe gbogbo géèmù tí kò gbà ju títẹ̀ kan lọ, irú rẹ̀ sì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: wáyà yìí kò gbọ́dọ̀ kan iná mànàmáná inú ilé láéláé. Ara máòsì nìkan ni kí ó mọ.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n to ọ̀nà náà fún yín. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ètò ìjókòó. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń yẹ̀ kò lè tẹ ohunkóhun. Ẹ fi ìrọ̀rí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí ibi tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹ̀yà ara kan tí ó lè mì nígbà tí ó bá fẹ́, tí ó sì lè dá dúró nígbà tí ó bá fẹ́, láìsí ìrora. Ẹ gbé súìsì kan ṣoṣo síbẹ̀, ẹ fi géèmù tí ó rọrùn jù bẹ̀rẹ̀, kí ó lè kọ́kọ́ rí i pé òun tẹ nǹkan, nǹkan sì ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ ọn, ẹ wá fi èkejì kún un. Bí ó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Bí ọmọ bá ní wárápá, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ń ṣẹ́ wìràwìrà lójú tẹlifíṣọ̀n lè ru ú sókè lára àwọn kan. Bí ilé ìwòsàn tí ẹ ń lọ bá sì ní àwọn tí ń kọ́ aláàbọ̀ ara bí yóò ti máa lo ara rẹ̀, ẹ mú ọ̀rọ̀ eré dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má tijú pé eré ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé àṣejù ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sọ fún un pé òfin ti dá sí i. Ní ọdún 2006, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ẹnu kò sí àdéhùn kan lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ìpín 30 rẹ̀ sọ pé kí àwọn ọmọ tí ó jẹ́ aláàbọ̀ ara lè kópa nínú eré bí àwọn ọmọ yòókù. Ilẹ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn yìí pátápátá ní ọdún 2010. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari tún fọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi ojú ẹ̀tanú wo aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú yàrá kí ó wá fa pádì lé ọmọ lọ́wọ́. Àwa tí a wà nínú ilé ni yóò ṣe ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lé lọ́wọ́. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní àdúgbò yín, ẹ lọ bá a nílé. Bí ó bá ń pẹ́ kí ó tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ dúró dè é. Ẹ má ṣe já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ ní ẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, yóò sọ; bí kò bá lè sọ, ẹ bi í, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Ẹ má sì ṣe mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù fún un nítorí àánú, nítorí òun náà mọ ayò tí a ta fún un jẹ. Bí ó bá borí, ẹ jẹ́ kí ó yọ̀. Bí ó bá fìdí rẹmi, ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe fún ara yín. Ìyẹn gan-an ni àmì pé ó ti di ara ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ bí a ti ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, tí ẹ ó ṣe géèmù lọ́la, ẹ rántí láti jẹ́ kí a lè pàrọ̀ bọ́tìnnì rẹ̀, kí a sì lè dẹ eré rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rò ó láti ìpìlẹ̀ kò ní láti wó ògiri kí ó tó yọ ilẹ̀kùn.

Àwọn baba wa a máa wí pé, màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni Olúwa ń lò: ọwọ́ ẹni tí ó jó òjé mọ́ wáyà, ọwọ́ káfíńtà tí ó rẹ́ pákó, àti ọwọ́ ọ̀rẹ́ tí ó mú pádì kejì. Ẹ lọ wo ọmọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ẹ gba bàtà tí wọ́n kó tì í, kí ẹ sì bi í léèrè pé, "Èwo ni ìwọ lè tẹ̀?"